Kọ̀ǹpútà Tó Ń Wo Ojú Ènìyàn: Ohun Tó Ń Rí àti Ohun Tí Kò Lè Rí

Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa máa ń wí. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá, ìyá rẹ̀ kì í la ẹnu bá a wí níwájú àlejò. Ojú lásán ni yóò fi wò ó, ọmọ náà yóò sì ti mọ̀ pé ẹran tí wọ́n fi lọ òun yìí, òun kò gbọdọ̀ gbà á. Èdè wa pàápàá kún fún ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ohun tí ojú ń ṣe. A ní ẹni tó fajú ro, ẹni tó lejú, ẹni tó ranjú mọ́ni, ẹni tó mọ́ni lójú, ẹni tó yínmú síni, ẹni tó ṣẹ́jú síni, àti ẹni tó tújú ká. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló tún sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín ni à á fi í rín. Ẹni tí à ń wò tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, ó lè jẹ́ pé ohun tó bá a ló ti kọjá ohun tí ènìyàn ń sunkún sí.

Ohun tó mú wa fa ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí yọ ni pé ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ó lè wo ojú ènìyàn, kí ó wo ìṣesí rẹ̀, kí ó sì sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wọ inú ọkọ̀, ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́, ó ti wọ ibi tí wọ́n ti ń gba ènìyàn síṣẹ́, wọ́n sì ti dán an wò fún ẹnubodè. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tí a ti lè gbà á gbọ́ àti ibi tí kò yẹ kí a ti gbà á gbọ́, ni a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni ẹ̀rọ tó ń wo ojú láti mọ ẹni tí ènìyàn jẹ́. Ìyẹn ni ti fóònù tó ń ṣí nígbà tí ẹni tó ni ín bá gbé e síwájú ojú. Ìbéèrè tí irú ẹ̀rọ yẹn ń dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé Àkànní nìyí, àbí Àkànní kọ́? Ìdáhùn sì wà fún un, nítorí pé yálà Àkànní ni tàbí òun kọ́. Èkejì, tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, ni ẹ̀rọ tí kò bìkítà bóyá Àkànní ni tàbí òun kọ́. Ohun tí èyí fẹ́ mọ̀ ni bóyá inú Àkànní dùn, bóyá ẹ̀rù ń bà á, bóyá oorun ń kùn ún, tàbí bóyá irọ́ ló ń pa. Ìbéèrè kejì yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, nítorí pé ìgbà mìíràn wà tí Àkànní fúnra rẹ̀ kò lè dáhùn rẹ̀.

Ìtàn ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Dókítà ilẹ̀ Faransé kan, Guillaume Duchenne, ló tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1862 nípa bí iṣan ojú ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ń fi iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ kan iṣan ojú àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ya fọ́tò ohun tí ojú wọn bá ṣe. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nínú ìwé náà ni bàbá arúgbó kan tí ara ojú rẹ̀ ti kú, tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora. Duchenne ṣàkíyèsí pé tí òun bá fi iná kan iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan, ẹnu bàbá náà yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ní bá a rín in. Ó ní ẹ̀rín tó dénú ní iṣan kan tó yí ẹyinjú ká tó máa ń bá a ṣiṣẹ́, èyí tí kò rọrùn fún ènìyàn láti fi ẹ̀tàn mú kó mì. Ní ọdún 1872, Charles Darwin lo díẹ̀ nínú àwọn fọ́tò wọ̀nyí nínú ìwé tirẹ̀ lórí bí ènìyàn àti ẹranko ṣe ń fi ohun tó wà nínú wọn hàn.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wá di ìpìlẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ òde òní ni Paul Ekman, ọmọ Amẹ́ríkà, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ó lọ sí agbègbè olókè ní Papua New Guinea, lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà Fore, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì wo sinimá rí. Ó máa ń sọ ìtàn kékeré fún wọn, irú bíi ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, yóò sì ní kí wọ́n mú fọ́tò ojú tó bá ìtàn náà mu. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ó ní ohun mẹ́fà ló wà tí ojú gbogbo ọmọ aráyé ń sọ bákan náà: ìdùnnú, ìbànújẹ́, ìbínú, ẹ̀rù, ìríra àti ìyàlẹ́nu. (Àwọn Fore kò ya ojú ẹ̀rù sọ́tọ̀ kúrò lára ojú ìyàlẹ́nu dáadáa, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ láti tàn káyé.)

Ní ọdún 1978, Ekman àti ẹnìkejì rẹ̀, Wallace Friesen, gbé ìwé ìlànà kan jáde tó fún ohun kọ̀ọ̀kan tí iṣan ojú lè ṣe ní nọ́ńbà. Tí ènìyàn bá fa irun òkè ojú wálẹ̀, nọ́ńbà 4 nìyẹn. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá gbéra sókè sápá ojú, nọ́ńbà 6 ni. Tí igun ẹnu bá fà sókè, nọ́ńbà 12 ni. Ẹ̀rín tó dénú tí Duchenne sọ, 6 àti 12 ló di nínú ìlànà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: nọ́ńbà 4 kì í ṣe orúkọ fún ìbínú. Ohun tí nọ́ńbà náà sọ kò ju pé irun òkè ojú wálẹ̀ lọ. Láti ibi nọ́ńbà dé inú ènìyàn, ìrìn àjò mìíràn ni, ojú ọ̀nà yẹn sì ni gbogbo wàhálà tí a máa sọ wà.

Rosalind Picard, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin ní MIT ní Amẹ́ríkà, ló kọ ìwé kan ní ọdún 1997 tó sọ pé ó yẹ kí kọ̀ǹpútà lè mọ bí inú ẹni tó ń lò ó ṣe rí. Ní Yunifásítì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Rana el Kaliouby, ọmọ Íjíbítì, ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ dára púpọ̀. Ó fẹ́ ṣe awò ojú tí yóò máa sọ fún àwọn tó ní ọ́tísíìmù, tó máa ń ṣòro fún láti mọ ohun tí ojú ẹlòmíràn ń wí, pé ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń sú u. Àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ Affectiva sílẹ̀ ní ọdún 2009. Ọjà tó wá gbà á lọ́wọ́ wọn kì í ṣe ti ọ́tísíìmù. Àwọn olùpolówó ọjà ló fẹ́ ẹ, kí wọ́n lè mọ ibi tí ènìyàn ti rẹ́rìn-ín nígbà tó ń wo ìpolówó wọn. Ilé iṣẹ́ Smart Eye ti orílẹ̀-èdè Swídìn ra Affectiva ní ọdún 2021.

Báwo wá ni kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe é? Kámẹ́rà ni yóò kọ́kọ́ ya àwòrán. Kọ̀ǹpútà yóò wá ojú jáde nínú àwòrán náà, kí ó lè mọ̀ pé ojú nìyí, ògiri nìyẹn. Ìlànà tó sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe kíákíá, Paul Viola àti Michael Jones ló gbé e jáde ní ọdún 2001. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi àmì sára ojú náà: igun ojú méjèèjì, irun òkè ojú, imú, ètè àti àgbọ̀n. Àmì 68 ni ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà máa ń lò. Bí àwọn àmì yìí ṣe ń súnmọ́ ara wọn, tàbí tí wọ́n ń jìnnà síra wọn, ni kọ̀ǹpútà ń wọ̀n. Àwọn mìíràn tún ń wọn bí orí ṣe ń mì, bí ènìyàn ṣe ń ṣẹ́jú sí, ibi tí ẹyinjú kọjú sí, àti bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò. Títí dé ibí yìí, kò sí ẹ̀tàn kankan nínú rẹ̀. Wíwọ̀n ni, gẹ́gẹ́ bí télọ̀ ṣe ń wọn ejìká oníbàárà.

Ibi tí wọ́n ti ń fún ohun tí wọ́n wọ̀n ní orúkọ ni ó yẹ ká dúró sí. Kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tí à ń pè ní ìbànújẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò jọ, wọ́n á kọ orúkọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì kó o fún kọ̀ǹpútà kí ó fi kọ́ṣẹ́. Ọ̀kan nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùwádìí lò jù lágbàáyé jáde ní ọdún 2013. Fọ́tò 35,887 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn kéékèèké, tí kò ní àwọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kó wọn: àwọn tó ṣe é tẹ ọ̀rọ̀ bí ìbínú tàbí ìdùnnú sínú Google, wọ́n kó àwòrán tó jáde, àwọn ènìyàn yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì pín wọn sí apẹ̀rẹ̀ méje. Kò sí ẹni tó bi àwọn tó ni ojú náà léèrè pé báwo ni inú yín ṣe rí lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn nínú wọn ń ṣe ojú fún kámẹ́rà ni. Nígbà tí wọ́n sì fún ènìyàn gidi ní iṣẹ́ pípín yìí kan náà láti ṣe, nǹkan bí 65 nínú 100 ni wọ́n rí gbà. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà bá sọ fún yín pé inú ẹnì kan bàjẹ́, ohun tó ń sọ gan-an ni pé ojú ẹni náà jọ ojú tí àwọn kan, tí wọn kò mọ̀ ọ́n rí, ì bá kọ ìbànújẹ́ sí lára.

Ibì kan wà tí ẹ̀rọ yìí ti ń ṣe ènìyàn lóore, ibẹ̀ sì ni ibi tí kò ti fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú rárá. Tí oorun bá ń kun awakọ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ á máa wálẹ̀, yóò sì pẹ́ kí ó tó tún gòkè. Kámẹ́rà lè ka ìyẹn, kò sì nílò láti mọ̀ bóyá inú awakọ̀ náà dùn. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan láti Oṣù Keje, ọdún 2024 pé kí gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ètò tí yóò kìlọ̀ fún awakọ̀ tí oorun bá ń kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń lo kámẹ́rà fún un. Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì òru láti Èkó lọ sókè ọya rí, tó sì rí i tí orí awakọ̀ ń sọ kalẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, kò ní nílò àlàyé kankan lórí àǹfààní èyí.

Ti ìbínú àti irọ́ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2019, onímọ̀ márùn-ún, tí Lisa Feldman Barrett ṣáájú wọn, gbé àbájáde iṣẹ́ ńlá kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti ka ìwádìí tó lé ní 1,000. Wọ́n ní tí a bá pín in dọ́gba, nǹkan bí ìgbà 30 nínú 100 ni ẹni tí inú ń bí máa ń fajú ro. Ìyẹn ni pé nínú ìgbà 100 tí inú bí ènìyàn, nǹkan bí 70 ni ojú rẹ̀ ń ṣe ohun mìíràn: àwọn kan á dákẹ́, àwọn kan á sunkún, àwọn kan á tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó fajú ro lè máa ronú jinlẹ̀, inú lè máa run ún, oòrùn sì lè máa wọ̀ ọ́ lójú. Ní ọdún 2016 ni Carlos Crivelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ìròyìn jáde láti erékùṣù Trobriand, tó wà ní Papua New Guinea kan náà tí Ekman lọ. Wọ́n fi fọ́tò ojú tí òyìnbó ń pè ní ojú ẹ̀rù han àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀, ojú tó yọ, ẹnu tó là sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ní ojú ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ènìyàn ni.

Ọ̀rọ̀ náà tún kan àwa aláwọ̀ dúdú lọ́nà mìíràn. Ní ọdún 2018, Joy Buolamwini, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Gánà, àti Timnit Gebru, tí wọ́n bí ní Etiópíà, dán ètò kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ mẹ́ta wò lórí ojú 1,270, tó jẹ́ ti àwọn aṣòfin láti Ruwáńdà, Sẹ̀nẹ̀gà, Gúúsù Áfíríkà àti orílẹ̀-èdè mẹ́ta ní Yúróòpù. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ kò le rárá: ṣé ọkùnrin nìyí tàbí obìnrin? Lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe èyí tó burú jù nínú wọn kò tó ẹyọ 1 nínú 100. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó tó 34.7 nínú 100. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú àwọn funfun ló pọ̀ jù nínú fọ́tò tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀rọ tí kò lè mọ̀ pé obìnrin ni ẹni tó wà níwájú rẹ̀, a wá ní kí ó sọ ohun tó wà nínú obìnrin náà!

Ní ọdún 2018 kan náà ni Lauren Rhue, olùwádìí ní Amẹ́ríkà, kó fọ́tò àwọn agbábọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ti NBA, tó jẹ́ 400, fún ètò kọ̀ǹpútà méjì tó ń ka ojú. Fọ́tò tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yà fún wọn ni, gbogbo wọn kọjú sí kámẹ́rà bákan náà. Ọ̀kan nínú ètò méjèèjì ka ìbínú sí ojú àwọn aláwọ̀ dúdú ju àwọn funfun lọ, kódà níbi tí ẹ̀rín wọn bá dọ́gba. Èkejì ka ẹ̀gàn sí wọn lójú níbi tí ojú kò ti sọ ohun kan pàtó. Ẹ wò ó bí ẹni tó rí iṣẹ́ lọ sílé iṣẹ́ òyìnbó yóò ṣe ní láti máa rẹ́rìn-ín ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kí kọ̀ǹpútà tó gbà pé kò bínú.

Èyí kì í sì í ṣe àsọdùn, nítorí pé wọ́n ti ń fi irú ẹ̀rọ yìí gba ènìyàn síṣẹ́. HireVue, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí fídíò, fi àyẹ̀wò ojú kún ohun tí wọ́n fi ń fún ẹni tó ń wáṣẹ́ ní máàkì. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ fi ẹjọ́ wọn sun ìjọba ní ọdún 2019, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ilé iṣẹ́ náà kéde pé òun ti dáwọ́ àyẹ̀wò ojú dúró. Ẹ jẹ́ ká ro ti ọmọ tiwa. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílẹ̀ Yorùbá, bí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Tó bá ń wo àgbà lójú kòrókòró, a ní ó ń ya àgbà lójú, a ní aláfojúdi ni. Ọmọ yìí kan náà ló wá jókòó síwájú kámẹ́rà láti wáṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó, tí kọ̀ǹpútà ń wọn iye ìgbà tí ẹyinjú rẹ̀ kúrò lójú kan. Ohun tí ìyá rẹ̀ fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ̀, ẹ̀rọ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dá ara rẹ̀ lójú, tàbí pé ó ń fi nǹkan pa mọ́.

Ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú Hangzhou gbé kámẹ́rà sínú kíláàsì ní ọdún 2018, tó ń wo ojú àwọn ọmọ ní ìṣẹ́jú àáyá 30 síra wọn láti mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ariwo tí àwọn ènìyàn pa pọ̀, wọ́n sì dá a dúró. Ní Yúróòpù, láàrin ọdún 2016 sí 2019, wọ́n ná owó ìjọba tó jẹ́ mílíọ̀nù 4.5 Yúrò lórí iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n pè ní iBorderCtrl. Àwòrán ọlọ́pàá inú kọ̀ǹpútà ni yóò máa bi arìnrìn-àjò léèrè ìbéèrè, tí kámẹ́rà yóò sì máa wo ojú rẹ̀ bóyá irọ́ ló ń pa. Họ́ńgárì, Gíríìsì àti Látífíà wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ dán an wò fún. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè rí, pẹ̀lú ìwé tó pé pérépéré lọ́wọ́, ó mọ̀ pé ẹ̀rù lè ba olóòótọ́.

Ọwọ́ ti ń bọ́ lára ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Microsoft kéde ní Oṣù Kẹfà, ọdún 2022 pé àwọn yóò yọ kíka inú ènìyàn láti ojú kúrò nínú ohun tí àwọn ń tà fún gbogbo ayé. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, àjọ tó ń rí sí ààbò ìsọfúnni àwọn ènìyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ pé ìmọ̀ náà kò tíì gbó. Òfin tí Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní ọdún 2024 ló le jù: láti ọjọ́ kejì, Oṣù Kejì, ọdún 2025, ó di èèwọ̀ níbẹ̀ láti fi ẹ̀rọ ka inú òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ nílé ẹ̀kọ́, àyàfi tó bá jẹ́ ti ìwòsàn tàbí ti ààbò. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ náà mọ sí ibi iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́. Ṣọ́ọ̀bù kò sí nínú rẹ̀, ẹnubodè kò sì sí nínú rẹ̀.

Ní Nàìjíríà níbí, Òfin Ààbò Ìsọfúnni tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní Oṣù Kẹfà, ọdún 2023 ló súnmọ́ ọ̀rọ̀ náà jù. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí ẹ̀rọ nìkan dá ṣe ìpinnu tó máa kan ìgbésí ayé rẹ̀ gidigidi. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún lè béèrè pé kí ènìyàn tún un wò, ó lè sọ tẹnu rẹ̀, ó sì lè ta ko ìpinnu náà. Ẹ̀tọ́ yìí ní ibi tí ó ti lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni o: bí ẹni náà bá ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé òun gbà, ọ̀nà ti là fún ẹ̀rọ. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ wáṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, tí ìwé gígùn kan sì jáde kí kámẹ́rà tó tàn, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó tẹ ibi tí wọ́n kọ pé mo gbà sí. Tí ẹ bá rí i níbẹ̀ pé wọ́n máa yẹ ojú tàbí ohùn yín wò, ẹ lè kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, àti pé ta ni ènìyàn tí yóò wo ohun tí ẹ̀rọ bá sọ. Ẹni tí wọn kò bá dá lóhùn lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Àjọ Ààbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà ní Àbújá.